Ìwé Ìbí Tí A Ṣí ní Bergen

Àdúrà tí à ń gbà fún aláboyún, pé kí a gbóhùn ìyá kí a sì gbóhùn ọmọ, kò mọ ààlà ilẹ̀. Ohun kan náà ni ọkàn abiyamọ ń fẹ́ ní Ìbàdàn àti ní Hamburg. Nítorí náà, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Chemie Grünenthal ti ilẹ̀ Jámánì gbé oògùn oorun tí ń jẹ́ Contergan jáde ní oṣù Ọ́kítóbà 1957, tí wọ́n ń polówó rẹ̀ pé kò léwu rárá, tí ẹnikẹ́ni sì lè rà á láìsí ìwé dókítà, àwọn aláboyún tí èébì òwúrọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Thalidomide ni ohun tó wà nínú rẹ̀.

Kí oògùn náà tó dé ọjà pàápàá ni ibi ti ń yọjú: ní ọjọ́ Kérésìmesì 1956, aya òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà kan, tí ó ti lo oògùn náà nínú oyún, bí ọmọ tí kò ní etí. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọmọ tí apá wọn kò hù, tí ọwọ́ wọn lẹ̀ mọ́ èjìká, bẹ̀rẹ̀ sí dé, sí ìlú kan lónìí, sí òmíràn lọ́la. Dókítà tí ó rí méjì kò mọ̀ pé ẹlẹgbẹ́ òun ní ìlú kejì ti rí mẹ́ta. Àìrìnpọ̀ ejò ni í jẹ ejò níyà: ẹ̀rí kún ilẹ̀ bámúbámú, ṣùgbọ́n ó fọ́n ká bí ẹ̀gúsí tó dà sínú koríko.

Widukind Lenz, oníṣègùn ọmọdé ní Hamburg, ni ó gbéra nílẹ̀, tí ó ń lọ láti ilé dé ilé, tí ó ń jókòó ti àwọn ìyá, tí ó sì ń bi wọ́n léèrè ohun gbogbo tí wọ́n jẹ, tí wọ́n mu, tí wọ́n lò, títí tí orúkọ Contergan fi ń jáde lẹ́nu wọn léraléra. Ní oṣù Nòfẹ́ńbà 1961 ó kìlọ̀ fún ilé-iṣẹ́ náà. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti kó oògùn náà kúrò lọ́jà. Ọmọ tí ó fara gbá a káàkiri ayé lé ní 10,000. Ìyìn tọ́ sí Lenz, ṣùgbọ́n ó dùn mí pé ẹsẹ̀ ẹnìkan ni ó ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ kí ìwé ti ṣe.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ní 1967, ní ìlú Bergen, ilẹ̀ Norway ṣí ìwé kan, lábẹ́ ìdarí Tor Bjerkedal, tí gbogbo ìbí orílẹ̀-èdè náà gbọ́dọ̀ wọ̀. Nọ́ńbà tí ìjọba ti ń fún ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan láti 1964 ni okùn tí a fi ń so àkọsílẹ̀ ìyá mọ́ ti ọmọ. Ní 1994, ilẹ̀ Sweden bẹ̀rẹ̀ sí kọ oògùn tí aláboyún ń lò sílẹ̀ nígbà tí ó bá kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ agbẹ̀bí. Àṣà yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí bí a bá dúró di ìgbà tí ọmọ bá dé kí a tó béèrè, ìyá tí ọmọ rẹ̀ ní àbùkù yóò tú gbogbo ìrántí rẹ̀ wò dé ìsàlẹ̀ àpò, nígbà tí ìyá tí inú rẹ̀ ń dùn yóò ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bi kí ọmọ tó dé kò mọ èyí tí òun yóò bí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì tẹ̀ síbì kan.

Ní 1982, ìwé tí a fi ń kọ àbùkù ara ọmọ sílẹ̀ ní Lyon, ilẹ̀ Faransé, fi hàn pé valproate, oògùn wárápá, lè mú kí eegun ẹ̀yìn ọmọ inú má padé. Ní 2022, àkọsílẹ̀ ọmọ tí ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin láti Norway, Sweden, Dẹ́nmáàkì, Finland àti Iceland fi hàn pé valproate lè pa ìdàgbàsókè ọpọlọ ọmọ lára pẹ̀lú, àti pé topiramate, oògùn wárápá mìíràn, náà kò mọ́ nínú ẹ̀bi yìí. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Kò sí dókítà kan tí ojú rẹ̀ lè ká èyí.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ wà nínú oyún, ẹ má ṣe dá oògùn tí dókítà fún yín dúró fúnra yín nítorí ohun tí ẹ kà yìí. Ẹ lọ bá a sọ ọ́. Bí nọ́ọ̀sì bá sì béèrè ohun tí ẹ ń lò, ẹ sọ gbogbo rẹ̀, títí kan àgbo, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀.