Iná Èkó Kì í Ṣe Síìmù Fóònù

Mo ti gbọ́ ọ ní Ìdúmàgbò, mo gbọ́ ọ ní Òkè Àrín, mo sì tún gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀mọ̀wé kan tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: pé láti ìgbà tí òfin iná tuntun ti jáde ní 2023, ẹni tí owó Eko Electric bá ti sú lè kọ̀wé, kí Ikeja Electric wá máa ta iná fún un. Níbi ìpàdé agbo ilé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àǹtí tó jẹ́ akápò wọn ló gbé e kalẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká pọ́ọ̀tù jàre. Ṣebí a ti pọ́ọ̀tù lórí fóònù rí, nọ́ńbà wa ò sì yí?" Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Kí n tó dìde, wọ́n ti ń dá owó fọ́ọ̀mù.

Kò sí fọ́ọ̀mù kankan. Ẹni tó ń gbé Ìsàlẹ̀ Èkó kò lè fi Eko sílẹ̀ lọ bá Ikeja, àfi tó bá kó ẹrù rẹ̀ gba orí afárá lọ gba ilé sí Ṣómólú tàbí Ìkòròdú.

Àṣìṣe yìí ní ìyá, ó sì ní bàbá. Lọ́ńdọ̀nù ni ìyá rẹ̀ ti wá. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Peckham máa ń sọ lórí WhatsApp pé àwọn ti fi British Gas sílẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ Octopus, owó iná sì ti wálẹ̀. Wọn kò purọ́. Láàárín 1998 sí 1999 ni wọ́n ṣí ọjà iná sílẹ̀ fún àwọn ilé ní Bìrìtéènì, tí oníkálukú fi lè yan ẹni tí yóò ta iná fún un. Ohun tí wọn kì í ráyè sọ ni pé wáyà tó wọ ilé wọn kò yí. UK Power Networks ló ni wáyà Lọ́ńdọ̀nù, yálà Octopus lò ń sanwó fún tàbí EDF. Ẹni tó ń kọ bíìlì ránṣẹ́ nìkan ló yí. Nígbà tí gáàsì sì wọ́n gógó ní 2021, àwọn olùtà tó kógbá wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgbọ̀n, kò sì sí ibi tó rọjú mọ́ tí èèyàn lè sá lọ. Gbèdéke owó tí Ofgem, alábòójútó wọn, ti fi lélẹ̀ láti January 2019 ni gbogbo wọn rọ̀ mọ́.

Fóònù ni bàbá rẹ̀. Láti April 2013 ni a ti lè gbé nọ́ńbà wa láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan lọ sí òmíràn. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ni ohùn fóònù ń gbà, òpó mẹ́ta sì lè kó ilé kan ṣoṣo mọ́ra láìfara kanra. Wáyà ni iná ń gbà. Ẹni tó bá ti gbójú sókè ní Ìdúmọ̀tà rí, tó rí bí wáyà ṣe ta kókó lókè bí irun tí òòyà kò kàn lọ́dún mẹ́ta, yóò mọ̀ pé kò sáyè fún ti ẹlòmíràn níbẹ̀.

Ní tiwa, ẹni tó ni wáyà náà ló ń ta iná. Nígbà tí ìjọba fa ilé-iṣẹ́ iná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́ ní November 1, 2013, wọ́n pín ilẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ mọ́kànlá bí ẹni pín oko. Eko gba Erékùṣù Èkó, Lẹ́kí, Apápá, Múṣin, Ọjọ́, títí dé Àgbárá. Ikeja gba Ìkẹjà, Òṣòdì, Ṣómólú, Ìkòròdú àti Abúlé Ẹ̀gbá. Kí ó tó di ìgbà náà, ECN ti ìjọba ló ń ta iná, lẹ́yìn rẹ̀ NEPA ní 1972, lẹ́yìn rẹ̀ PHCN ní 2005. Láti 1896 tí iná mànàmáná ti kọ́kọ́ tàn ní Èkó, orúkọ ló ń yí. Ará Erékùṣù kò fìgbà kan rí ní olùtà méjì. (Níwájú ilé-iṣẹ́ Eko ní Marina, ère Ṣàngó tí Ben Enwonwu ṣe ní 1964 ṣì dúró síbẹ̀. Ẹni tó ń lọ jà nítorí bíìlì, iwájú oníná gan-an ni yóò gbà wọlé.)

Kí wá ni òfin 2023 ṣe? Ó fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lágbára láti máa darí iná tirẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní December 2024, NERC, àjọ alábòójútó iná ní Àbújá, sì pàṣẹ pé kí àbójútó bọ́ sọ́wọ́ LASERC, àjọ ti ìpínlẹ̀ náà. Alábòójútó ló yí, kì í ṣe olùtà. Ìlànà kan wà lóòótọ́, láti 2017, tó fàyè gba kí èèyàn ra iná tààrà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lo mẹ́gáwáàtì méjì ni. Ilé tó ń lo kílówáàtì kan, irú rẹ̀ 2,000 ló gbọ́dọ̀ para pọ̀ kí ó tó tó bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń bá wí.

Àwọn kan á ní, "Àwa máa ń yí fésì, iná á sì dé." Fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, láti inú taransifọ́mà kan náà ni wọ́n ti jáde. Bí o bá yí i nígbà ogún, mítà kan náà ni yóò kà á, Eko kan náà ni yóò gbowó rẹ̀.

Ká tilẹ̀ ní ó ṣeé ṣe, èrè wo ni? Ní April 2024 tí owó Band A, ìyẹn ìsọ̀rí tó yẹ kó máa gba iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, fò láti ₦68 sí ₦225 lórí yúníìtì kan, ₦225 ni lọ́dọ̀ Eko, ₦225 náà ni lọ́dọ̀ Ikeja. Nígbà tó di ₦209.50 ní July, bákan náà ni.

Olùtà kan wà ṣá tí ilé wa lè fi sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ ní ìpàdé yẹn. Abẹ́ àtẹ̀gùn ló ń gbé: jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour". Bó bá jẹ́ fáànù kan, gílóòbù mélòó kan àti tẹlifíṣọ̀n ló ń gbé, agbára káká ni lítà bẹntiróòlù kan fi ń mú yúníìtì kan jáde. Ní October 2024, lítà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦1,000 ní Èkó. Ẹ fi wé ₦209.50. Ẹni tó ń ṣépè fún Eko lórí yúníìtì kan ń san nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún rẹ̀ nígbà náà fún ariwo àti èéfín, kò tíì ka óìlì, kò tíì ka owó rípíà. Òótọ́ ni pé ìgbà tí iná ìjọba bá lọ ni wọ́n ń tàn án. Ìdí nìyẹn tí bátìrì àti ínfátà tí a gba iná sí nígbà tó bá wà fi yẹ ní ohun tí à ń kówó jọ rà. Owó àkọ́kọ́ rẹ̀ wúwo. Ti sólà tún ní ìjà tirẹ̀ nínú, torí òrùlé ẹbí ni, ayálégbé kò lè dá gun orí rẹ̀.

Gáàsì ìdáná náà ṣeé yàn. Kò sẹ́ni tó dè yín mọ́ oníṣọ́ọ̀bù kan. Ìwúwo sílíńdà òfìfo wà lára irin rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí i. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí òṣùwọ̀n bá kà lẹ́yìn tí wọ́n bá rọ ọ́ kún, ẹ ó mọ iye kílò tí wọ́n tà fún yín.

Ní ti Eko fúnra rẹ̀, ìjà tí ó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ ni ti wákàtí. Àṣẹ tí NERC pa ní 2024 sọ pé bí fídà Band A, ìyẹn wáyà ńlá tó ń gbé iná wá bá taransifọ́mà àdúgbò, kò bá gba wákàtí 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ méje léraléra, kí wọ́n já a sí ìsọ̀rí tó bá iná tó ń gbà mu. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ fídà yín. Ẹ gbé ìwé kan kọ́ ara ògiri, kí ẹni tó bá wà nílé máa kọ ìgbà tí iná dé àti ìgbà tó lọ, ọjọ́ méje gbáko, kí gbogbo ilé sì jọ gbé e lọ.

Àǹtí wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá owó fọ́ọ̀mù yẹn padà fún wọn.