Làkúrègbé àti Ìdánwò Ìlú Bath

Ẹni tí làkúrègbé bá dè mọ́lẹ̀ kì í yan oníṣègùn. Bí orúnkún bá wú, tí ọwọ́ kò sì lè di igbá mú mọ́, ohunkóhun tí a bá júwe fún un ni yóò gbà. A kò sọ èyí láti fi aláìsàn ṣe ẹlẹ́yà, nítorí ìrora kì í jẹ́ kí ènìyàn ní sùúrù. Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ṣe mọ ìwòsàn tòótọ́ yàtọ̀ sí èyí tí ń gba owó ẹni lásán? Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn.

Ní ọdún 1796, Elisha Perkins, oníṣègùn kan ní Connecticut ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ ìjọba fún ọ̀pá irin kékeré méjì tí ẹnu wọn mú ṣóńṣó. Ó ní bí a bá ń fi wọ́n wọ́ ara níbi tí ó ń dunni, ìrora yóò jáde lọ. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn Connecticut yọ ọ́ kúrò láàrin wọn ní 1797. Síbẹ̀ ọjà náà tà. Benjamin ọmọ rẹ̀ gbé e dé Lọ́ńdọ́nù, ó ń tà á ní gínì márùn-ún, àwọn ènìyàn pàtàkì sì ń jẹ́rìí pé ara àwọn yá.

Òpùrọ́ ha ni àwọn ẹlẹ́rìí wọ̀nyí bí? Rárá o. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1799, John Haygarth, oníṣègùn ní ìlú Bath, mú kí a fi igi gbẹ́ ọ̀pá tí ó jọ ti Perkins. A fi í wọ́ ara aláìsàn márùn-ún tí làkúrègbé ti ń bá jà tipẹ́. Mẹ́rin nínú wọn wí pé ìrora àwọn fúyẹ́. Ní ọjọ́ kejì a lo irin gan-an, bákan náà ni ó rí. Kì í ṣe irin ni ó ń ṣiṣẹ́, bí kò ṣe ìrètí aláìsàn.

Ṣùgbọ́n kí a má tìtorí èyí pe gbogbo ewé àti egbò ní asán. Ní 1763, Edward Stone, àlùfáà Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé sí ẹgbẹ́ Royal Society pé òun fi èèpo igi wílò tí a lọ̀ kúnná wo bí àádọ́ta ènìyàn tí ibà ń ṣe. Ní 1876, Thomas MacLagan ti ìlú Dundee fi hàn nínú ìwé ìròyìn The Lancet pé salicin, tí a ń yọ lára èèpo wílò, ń dá ibà àti ìrora làkúrègbé gbígbóná dúró. Àwọn méjèèjì rò pé ibi olómi tí àrùn ti ń wá ni oògùn rẹ̀ yóò ti hù. Ìrònú náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n dán oògùn náà wò, ó sì jẹ́. Nínú ìdílé oògùn yìí ni àspírìn ti wá, tí a bẹ̀rẹ̀ sí tà ní Jámánì ní 1899.

Irin ní ẹlẹ́rìí, èèpo igi ní ẹlẹ́rìí. Ìdánwò ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí náà, kí a má ṣe fi ẹ̀rí aládùúgbò nìkan ra ìwòsàn. Irú làkúrègbé kan wà tí ń jẹ oríkèé run nígbà tí a ṣì ń fi òróró pa á, èyí tí ó bá sì ti bàjẹ́ kì í padà bọ̀ sípò. Kí ẹni tí ń mu àgbo má ṣe fi pa mọ́ fún dókítà rẹ̀, nítorí ewé mìíràn a máa bá oògùn jà nínú ara. Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Kí a má ṣe fi ìtìjú tà á nù.