Waya Ámpù Inú Ọkọ̀: Ibi Tẹ́ Ẹ Ti Lè Dín Owó Kù, Àti Ibi Tí Kò Yẹ Kẹ́ Ẹ Ti Ṣahun

Tí èèyàn bá fi máa ra wúfà àti ámpù tán, owó ti sábà máa ń gbẹ lápò. Àjẹkù owó la wá fi ń ra waya. Bẹ́ẹ̀, waya pupa tó ti ìdí bátìrì wọ búùtù yẹn ló ń gbé gbogbo iná tí ámpù máa jẹ. Tó bá kéré jù, báàsì ò ní dún dáadáa, ámpù á máa kú fúnra ẹ̀, waya á sì máa gbóná. Ọkọ̀ lè gbiná látibẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ ń da èèyàn láàmú ni géèjì. Gbogbo wa la mọ waya ilé: 1.5 mm, 2.5 mm, 4 mm. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ ni waya ń tóbi. Géèjì ò rí bẹ́ẹ̀ o! Tirẹ̀, bí nọ́ńbà ṣe ń kéré ni waya ń tóbi. Tá a bá fi wé ti ilé, 8 géèjì jẹ́ nǹkan bíi 8.4 mm, 4 géèjì jẹ́ 21 mm, 0 géèjì sì lé ní 53 mm. Tẹ́nì kan bá gbé 4 mm fún yín pé 4 géèjì ni, ẹ dá a padà, kò tó ìdá kan nínú márùn-ún ohun tẹ́ ẹ béèrè.

Èwo lẹ wá nílò? Ẹ má wo "2000W" tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí. RMS ni kẹ́ ẹ wá nínú ìwé tó bá a wá. Ká ní ó jẹ́ 500, kí ámpù sì jẹ́ class D. Ẹ fi 0.8 pín 500, torí kì í ṣe gbogbo iná tó wọlé ló ń di ohùn. Ẹ ó rí 625. Ẹ wá fi 13.8 pín ìyẹn, torí iye volt tó máa ń wà nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Ó di nǹkan bí ampere 45. Class AB máa ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè tó 65.

Láti bátìrì Corolla dé búùtù, waya á tó mítà 5. Tẹ́ ẹ bá fi 8 géèjì gbé ampere 45 yẹn, volt tó máa sọnù lójú ọ̀nà á sún mọ́ 0.5. Tó bá jẹ́ 4 géèjì, kò ní tó 0.2. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé 4 géèjì ni kí ẹni tó ní 500 wáàtì rà. Tó bá ra 0 géèjì, owó ló fi ṣòfò.

Kọ́pà gidi ni mo fi ṣírò yẹn o. Ọ̀pọ̀ waya tó wà nínú páálí "amp kit" ló jẹ́ CCA, ìyẹn àlùmíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò lára. Ó fúyẹ́, kò wọ́n, àmọ́ agbára ẹ̀ láti gbé iná ò ju nǹkan bí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún ti kọ́pà. Tí wọ́n bá kọ CCA sí i lára, mi ò ní pè é ní ayédèrú. Èyí tí wọ́n tà ní iye kọ́pà ni ayédèrú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo CCA torí owó, ẹ ra èyí tó tóbi sí i: níbi tí kọ́pà 4 géèjì ti tó, CCA 2 géèjì ló bá a dọ́gba. Ẹ béèrè iye méjèèjì ná, torí nígbà míì owó tẹ́ ẹ rò pé ẹ jẹ ti parẹ́.

Tẹ́ ẹ bá dé Alaba tàbí Ládípọ̀, ẹ ní kí wọ́n gé orí waya náà. Ẹ fi ọ̀bẹ họ fọ́nrán kan. Kọ́pà pupa dénú. Tí inú bá funfun, àlùmíníọ̀mù ni. Ẹ tún wo bí rọ́bà ṣe nípọn tó, torí àwọn kan wà tó jẹ́ rọ́bà ló sanra, waya inú ẹ̀ ò tó nǹkan.

Ọ̀nà míì tó pọ́ọ́kú ni waya àwọn wẹ́dà tó ń jórin. Ó máa ń rọ̀, mítà-mítà ni wọ́n ń tà á, 25 mm ẹ̀ sì ju 4 géèjì lọ díẹ̀. Ẹ họ òun náà wò, torí CCA wà nínú ẹ̀.

Fíùsì ni kẹ́ ẹ má ṣahun sí. Ìdí bátìrì ló yẹ kó wà, kó má jìnnà ju sẹ̀ǹtímítà 45 lọ. Àwọn rewáyà kan á ní fíùsì ti wà lára ámpù. Ìyẹn ń ṣọ́ ámpù, kò ṣọ́ waya. Tí irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti inú ọkọ̀ bá ha rọ́bà waya, bátìrì á da gbogbo agbára ẹ̀ síbẹ̀, fíùsì tó wà ní búùtù ò sì ní mọ̀ rárá. Ẹ fi rọ́bà sí ihò tí waya gbà kọjá. Fún ampere 45 yìí, fíùsì 60 tó.

Waya dúdú tó lọ sára irin ọkọ̀ gbọ́dọ̀ tóbi bíi ti pupa, kó kúrú, kẹ́ ẹ sì họ ọ̀dà ibẹ̀ kúrò kẹ́ ẹ tó de nọ́ọ̀tì. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé orin sókè fún ogún ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ fọwọ́ kan waya láti orí dé ìdí. Tó bá gbóná káàkiri, ó kéré. Tó bá jẹ́ ojú kan péré ló gbóná, ìdè ibẹ̀ ni ò le.