Láti Ọmú Ọmọ dé Àpò Ìfẹ̀yìntì

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ọmọ ni owó ìfẹ̀yìntì ayé àtijọ́. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 1951 sọ ìjọba di ọmọ fún òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣojú mi ni bàbá mi ti tò fún owó náà títí ó fi dolóògbé.

Òfin ọdún 2004 dá àpò ìfowópamọ́ sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Láti ọdún 2014, òun ń dá ìdá 8 nínú 100 owó oṣù rẹ̀, agbanisíṣẹ́ ń dá 10. Bí ó bá fẹ̀yìntì, yóò yàn: kí ó máa bù ú díẹ̀díẹ̀, tàbí kí ó fi ra owó oṣooṣù lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Ti àkọ́kọ́ lè tán ṣáájú ẹ̀mí. Ti ìkejì ń bá ẹ̀mí lọ.

Òkété òní, ọmú ara rẹ̀ ni yóò mu.