Zermatt: Ètò tó yẹ kí ẹ ṣe kí ẹ tó lọ ṣeré orí yìnyín

Ní oṣù Kínní ọdún 2018, yìnyín dí ojú ọ̀nà àti ojú irin tó wọ ìlú Zermatt ní orílẹ̀-èdè Switzerland, arìnrìn-àjò bíi 13,000 ni kò sì rí ọ̀nà jáde. Hẹlikọ́pítà ni wọ́n fi kó àwọn kan lára wọn. Ẹni tó bá fẹ́ lọ síbẹ̀ lọ ṣe síkì, ìyẹn eré fífi pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí a dè mọ́ bàtà yọ̀ láti orí òkè wá sísàlẹ̀, ní láti fi irú ìdádúró bẹ́ẹ̀ kún ìṣirò rẹ̀.

Zermatt wà lẹ́sẹ̀ òkè Matterhorn, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 4,478. Ọkọ̀ tó ń lo epo bẹntiróòlù kì í wọ ìlú náà. Àwọn tó bá wa ọkọ̀ wá máa ń gbé e sí Täsch, wọn a sì wọ ọkọ̀ ojú irin fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 12.

Físà Schengen ni ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, Benin, Togo tàbí Ghana nílò. Ẹ lè béèrè fún un láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò, ó pẹ́ tán kó ku ọjọ́ 15. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní London pẹ̀lú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà kò yọ sílẹ̀, nítorí ìwé ìgbélùú Britain kì í ṣe físà Switzerland.

Wọn yóò tún béèrè ìwé adójútòfò ìlera tó tó 30,000 owó yúrò, ó kéré tán. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Ìwé tó tó gba físà lè má ka síkì mọ́ ohun tí yóò sanwó fún, bẹ́ẹ̀ hẹlikọ́pítà ló sábà máa ń gbé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kán lórí òkè, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ẹ rí i pé wọ́n kọ síkì àti ìdóòlà lórí òkè sínú rẹ̀ kedere.

Ẹ má ra pátákó síkì. Ẹ yá a níbẹ̀, kí ẹ sì gba olùkọ́. Ọ̀nà tí wọ́n fi àmì búlúù sí ni ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, pupa le jù ú lọ, dúdú sì wà fún ògbóǹtarìgì. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ wa rárá: aṣọ onírun àgùntàn ló yẹ lábẹ́, nítorí aṣọ òwú máa ń fa òógùn mọ́ra. Oòrùn orí yìnyín náà a máa jó awọ, awọ dúdú kò sì yọ sílẹ̀; ẹ mú ìpara àti awò dání.

Ilé ìtura máa ń gbówó lórí gan-an nígbà Kérésìmesì àti nínú oṣù Kejì; ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kínní sábà máa ń rọjú jù wọ́n lọ. Nígbà tí ẹ bá ń béèrè físà, ẹ fi ọjọ́ bíi méjì lé ọjọ́ ìpadàbọ̀ yín, torí bí yìnyín bá dí ojú irin, kò sẹ́ni tó lè sọ wákàtí tí wọn yóò ṣí i.