Òkúta Ọba àti Ilé Mẹ̀kúnnù



Àwa ará Ajégúnlẹ̀ mọ ọkọ̀ ojú omi dáadáa. Èbúté Àpápá kò jìnnà sí wa. Síbẹ̀, nígbà tí mo sọ ní ilé-kéwú pé ọkọ̀ ojú omi ń gbé àlejò kiri láàrin aṣálẹ̀ ní ilẹ̀ Misra, ẹ̀rín ni àwọn ọmọ rín. Òótọ́ ni o.

Ní 1960 ni Misra bẹ̀rẹ̀ dáàmù Aswan, ògiri ńlá tí wọ́n fi sé Odò Náìlì. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1970. Omi tó dúró sẹ́yìn rẹ̀ di adágún Nasser, tó gùn wọ ilẹ̀ Sudan. Kí omi tó bo àwọn ilé òrìṣà àtijọ́ tó wà létí odò, UNESCO ké sí gbogbo ayé. Láàrin 1964 sí 1968, wọ́n gé Abu Simbel, tí ọba Ramses Kejì gbẹ́ sínú àpáta, sí ègé tó lé ní 1,000, wọ́n sì tún un tò sí ibi tó fi nǹkan bí mítà 65 ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ti Amada, orí irin ni wọ́n gbé e gbà. Àwọn wọ̀nyí ni ọkọ̀ ń gbé àlejò lọ wò lónìí.

Ọ̀pọ̀ ń sọ pé Ramses yìí ni Fìríáónà ìgbà Ànábì Mùsá. Alùkùránì kò dárúkọ ọba náà, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí á búra lé e lórí. Ohun tó dájú ni pé ó gbẹ́ ère ara rẹ̀ mẹ́rin sẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó nǹkan bí mítà 20, ó sì gbẹ́ ara rẹ̀ sáàrin àwọn òrìṣà nínú ilé. Nígbà tí omi dé, kò lè gba ara rẹ̀ là. Ọmọ aráyé ló gbé e sá.

Àwọn ará Nubia ńkọ́? Mùsùlùmí ni wọ́n, nǹkan bí 100,000 ní Misra àti Sudan. Ilé wọn, igi déètì wọn àti ilẹ̀ tí wọ́n sin bàbá wọn sí, omi ló bò ó.

Ní 1968 yẹn kan náà ni dáàmù Kainji parí lórí Odò Ọya níhìn-ín. Bussa àtijọ́ rì, èèyàn tó lé ní 40,000 ló kó kúrò. Lára iná tó ń wọ wáyà ìjọba, láti Kainji ló ti ń wá. Bí a bá ń hó yèè pé iná dé, ẹ jẹ́ kí á rántí ẹni tó fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Nínú Sūratu Ar-Rūm, Ọlọ́hun pè wá kí á rin ilẹ̀ wò, kí á rí ìgbẹ̀yìn àwọn alágbára tó ti lọ. Ẹni tó bá lówó ọkọ̀, kó lọ. Ẹni tí kò ní, kó bẹ̀rẹ̀ nílé: Ajégúnlẹ̀ kún fún àgbà tó ti ìlú oríṣiríṣi wá. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jókòó ti ọ̀kan nínú wọn, ẹ bi í pé kí ló mú un kúrò nílé, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Òkúta ọba ti rí olùgbàlà. Ìtàn mẹ̀kúnnù, ọwọ́ wa ló wà.

Kí Ọlọ́hun fi ọgbọ́n kẹ́ wa. Āmīn.