Àrọ́bá, Ìwé àti Íntánẹ́ẹ̀tì: Ibi Tí Orúkọ Àwọn Baba Ńlá Wa Wà

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, orí ahọ́n ni ìran Yorùbá ń tọ́jú ìtàn ìdílé sí. Oríkì orílẹ̀ ń sọ ìlú tí ìdílé kan ti ṣí wá, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe àti èèwọ̀ tí wọ́n ń pa mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá àgbà tó mọ̀ ọ́n kì bá kú láìkọ́ ọmọ kankan, oríkì náà bá a wọ ilẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wá ìwé kiri lónìí: àwọn kan nítorí ẹjọ́ ilẹ̀, àwọn kan nítorí oyè, àwọn mìíràn nítorí pé ẹ̀yìn odi ni wọ́n bí wọn sí, wọ́n sì fẹ́ mọ orísun wọn.

Àwọn ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló tú ọ̀pọ̀ ìdílé ká. Ní ọdún 1821, àwọn akónilẹ́rú kó ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí ní ìlú Òṣogùn. Wọ́n tà á títí ó fi wọ ọkọ̀ àwọn Potogí ní etí òkun. Ní ọdún 1822, àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì kó àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown ní Sàró. Àjàyí yìí ni ayé padà mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Orúkọ àlùfáà òyìnbó kan ní Lọ́ńdọ́nù ni wọ́n fún un nígbà tó ṣe ìrìbọmi.

Láti ọdún 1808 ni àwọn akọ̀wé ní Freetown ti ń kọ orúkọ àwọn tí a gbà sílẹ̀ sínú ìwé ńlá. Wọ́n ń kọ nọ́ńbà ẹni kọ̀ọ̀kan, orúkọ rẹ̀, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ọjọ́ orí rẹ̀, bó ti ga tó àti àpèjúwe ara rẹ̀. Ní Havana, níbi tí ilé ẹjọ́ irú èyí tún wà, wọ́n ń kọ ẹ̀yà àti àmì ara pẹ̀lú. Àwọn ìwé ti Freetown ṣì wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Fourah Bay College. Wọ́n ti ya àwòrán púpọ̀ nínú wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àkójọ kan tó ń jẹ́ African Origins gbé orúkọ àwọn ènìyàn 91,491 jáde láti inú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni sì lè wò ó láìsan kọ́bọ̀.

Ṣùgbọ́n etí òyìnbó ló gbọ́ orúkọ wọ̀nyí, ọwọ́ òyìnbó ló sì kọ wọ́n, láìsí àmì ohùn. Ẹni tí ó bá ń wá orúkọ baba ńlá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń kọ ọ́ lónìí lè má rí nǹkan kan. Ó sàn kí ó ka èyí tí ó bá rí sókè, kí ó fi etí Yorùbá gbọ́ ọ. Ó tún yẹ kí ó mọ̀ pé Aku ni wọ́n ń pè wá ní Sàró, Lucumí ní Kúbà, Nagô ní Bùràsílì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé àtijọ́ máa ń kọ Ìjẹ̀bú ní Jebu, tí wọ́n sì ń kọ Abẹ́òkúta ní Abbeokuta.

Ní Bùràsílì, iná wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1890, Rui Barbosa, mínísítà ètò ìnáwó, pàṣẹ pé kí wọ́n sun àwọn ìwé ìjọba tó jẹ mọ́ òwò ẹrú. Síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò jóná. Ìwé ìrìbọmi wà ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà, FamilySearch sì ti gbé ọ̀pọ̀ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ilé ìpamọ́ ìwé ìpínlẹ̀ Bahia, ìwé ẹjọ́ àwọn tí wọ́n mú lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Màlé ní ọdún 1835 ṣì wà. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Nagô, a sì lè ka ohun tí wọ́n sọ níwájú adájọ́.

Nílé níbí, ìlú Ìbàdàn ni ẹsẹ̀ ń gbéni lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Onwuka Dike ló rí i pé ìwé ìjọba ń jẹrà káàkiri, akitiyan rẹ̀ ló sì bí ilé ìpamọ́ ìwé àpapọ̀ ní ọdún 1954. Ẹ̀ka rẹ̀ tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní ìwé àwọn ẹkùn bí Ọ̀yọ́, Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú àti Oǹdó. Ìròyìn tí àwọn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kọ nípa ìlú kọ̀ọ̀kan ní àwọn ọdún 1930 wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìtàn ìtẹ̀dó, orúkọ àdúgbò àti ìtò oyè. Àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ tún wà, tí ìkéde òkú àti ìgbéyàwó pọ̀ nínú wọn. Bí ẹnìkan bá débẹ̀ tí ó kàn dárúkọ bàbá rẹ̀, òfo ni yóò gbé bọ̀. Ìlú, àdúgbò, oyè àti nǹkan bí ọdún tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀.

Àwọn tí ìdílé wọn tètè gba ẹ̀sìn Krístì ní orísun mìíràn. Lẹ́tà àti ìwé ojoojúmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ C.M.S., bí Daniel Olúbí ti Ìbàdàn, wà ní Yunifásítì Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ àwọn ará àdúgbò tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́ ń yọjú nínú wọn.

Ìwé kì í ṣe Ọlọ́run, ó ń ṣì sọ. Ohun tí ajẹ́lẹ̀ kọ ni ohun tí ẹni tó jókòó tì í lọ́jọ́ náà sọ fún un, ìdílé tó wà lórí oyè nígbà náà ló sì sábà máa ń jókòó bẹ́ẹ̀. Orúkọ àwọn obìnrin kì í sábà wọlé. Ọmọ ìyá méjì lè máa jẹ́ orúkọ ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé orúkọ bàbá ni olùkọ́ kọ fún ọ̀kan, tí ó sì kọ ti bàbá àgbà fún èkejì. Nítorí náà, ẹni tí ó gbé ìwé kan ṣoṣo lọ sí kóòtù láìbi àgbà léèrè ń fi ẹsẹ̀ kan rìn. Nígbà tí Crowther tún rí ìyá rẹ̀, Àfàlá, ní Abẹ́òkúta ní oṣù Kẹjọ ọdún 1846, ẹnu ló ṣe é: ìyá gbọ́ pé ọmọ òun wà níbẹ̀, ó sì wá a wá.

Ìwé náà sì ń kú bí ènìyàn. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìtàn ilẹ̀ Yorùbá ní ọdún 1897, ó fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní ọdún 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, kí ó tó jáde ní ọdún 1921. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn nílé, kí ni à bá máa kà lónìí?

Ìwé ìrìbọmi, ìwé ìgbéyàwó àti ìdájọ́ kóòtù ìbílẹ̀ ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù káàkiri ìlú wa, níbi tí ikán àti òjò ti ń bá wọn jà. Fóònù ọwọ́ wa tó láti ya fọ́tò wọn, kí ẹ̀dà wà ní ibi méjì. Ó tó láti gba ohùn ìyá àgbà sílẹ̀ pẹ̀lú nígbà tó bá ń ki ìdílé. Kí a kọ orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀, ibi tó ti sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́, kí àwọn ọmọ tí ń bọ̀ lè mọ ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀.